Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ Texas yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Oakland ní California bóyá ẹ lè ra ọkọ̀ hybrid tuntun, èyí tó ń lo epo àti iná mànàmáná, tí àbúrò yín rí ní Houston ní Texas, torí pé owó ẹ̀ dín sí ti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lè rà á, ẹ sì lè jẹ gbèsè ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná.

Ní 2012, Sacramento ní California ni mo ń gbé tí mo lọ ra ọkọ̀ tuntun ní Texas. Máìlì 214 péré ló ti rìn. Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé ṣé California ò ní yọ mí lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo wà á délé, mo sùn ní El Paso, mo sùn ní Phoenix, orin ni mo ń kọ bọ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà, obìnrin kan jáde sí mi, ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Sítíkà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń kà, ó ń fi bírò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọn ò dárúkọ California níbẹ̀, òfin èéfín ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Ó dá ìwé mi padà. Ó ní ẹni tó bá ń gbé California kò lè gba nọ́ńbà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò bá tíì rin máìlì 7,500.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá. Mo ní ṣebí kó ṣáà ti pé 7,500 ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á kiri, mo lọ Reno, mo bọ̀, mo lọ Redding, mo bọ̀, láìrí ẹnì kan bẹ̀ wò. Epo ń lọ, àkókò ń lọ. Nígbà tó di 7,612, mo gbéra padà síbẹ̀ tìyàngàn-tìyàngàn. Akọ̀wé mìíràn ni mo bá, kò wo aago ọkọ̀ rárá. Ìwé tí mo fi rà á ló tẹjú mọ́, ó ní máìlì ọjọ́ tí mo rà á ni àwọn ń kà. 214. Kí ló dé tí obìnrin ọjọ́sí ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Mo tẹ̀ wọ́n láago títí, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Nígbẹ̀yìn, mo wà á padà lọ Texas, mo tà á, dọ́là 4,300 wọgbó. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n dárúkọ Reno nínú ilé títí dòní.

Bó ṣe rí nìyí. Èéfín tó bo Los Angeles lójú ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ gbà ní 1967 pé California nìkan lè ṣòfin èéfín ọkọ̀ tirẹ̀. Ní 1977, wọ́n gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn da ti California kọ, bíi New York àti Massachusetts, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ dá òfin ẹlẹ́ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ọkọ̀ wá di oríṣi méjì. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ò ya òmùgọ̀, ibi tí òfin bá ti le ni wọ́n ń kó èyí tí èéfín ẹ̀ kéré jù lọ lọ. Fiat 500e oníná mànàmáná tó jáde ní 2013, California àti Oregon ni wọ́n ti tà á. Ọ̀gá wọn, Sergio Marchionne, fẹnu ara ẹ̀ sọ ní 2014 pé kí àwọn èèyàn má rà á, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já dọ́là 14,000 kúrò lápò àwọn. Ẹni tó ń gbé Houston tó fẹ́ irú ẹ̀ nígbà náà, àfi kó wá tòkúnbọ̀. Àwọn ọkọ̀ epo tí èéfín wọn kéré gan-an, tí wọ́n ń pè ní PZEV, náà ńkọ́? Gàráńtì ọdún 15 tàbí máìlì 150,000 lórí ohun èlò èéfín, níbi tí òfin California bá ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ló wà. Ẹ rántí bi wọ́n tí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé tí Trump fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 ti fòpin sí gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ epo tuntun tí California fẹ́ dáwọ́ títà ẹ̀ dúró ní 2035 wà nínú ìyẹn, ọ̀rọ̀ 7,500 ò sí níbẹ̀. Owó orí lórí ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá rà náà, tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ máa fi Texas sá fún un, California á gba ìyókù lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀ẹ́n, ìbéèrè yín. Láti 2017 tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti sún mọ́ ti California, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti bá méjèèjì mu, tiyín náà lè wà lára wọn. Ẹ má san kọ́bọ̀ ná. Ẹ ní kí àbúrò yín ya fọ́tò sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá California níbẹ̀. Tí kò bá hàn dáadáa, ẹ gbé e síbí, màá bá yín kà á.