Onígòjé ni Crowther

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ wa kan ní ara ẹyẹ kannakánná, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crow, ni wọ́n ti mú orúkọ Crowther tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí ń jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ mi. Kannakánná kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá. Orin ló bí orúkọ yẹn.

Àwọn ará Wales ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní crwth. Okùn mẹ́fà ló ní, ọrun ni wọ́n sì fi ń ha á. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pè é ní crouth, àwọn mìíràn ní crowd. (Crowd tó túmọ̀ sí èrò, ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe ni crowther.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ohùn tí mo gbọ́ lọ́kàn mi ni ti gòjé. Pàkátà níbí, ní Ìlọrin, ni wọ́n bí mi sí. Tí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó ládùúgbò wa, àwa ọmọdé a sá tẹ̀lé onígòjé láti ilé dé ilé. Igbá tí wọ́n fi awọ bò, irun ìrù ẹṣin tí wọ́n fi ṣe okùn, irun ìrù ẹṣin náà lára ọrun. Síbẹ̀ nǹkan kékeré yìí a máa ki èèyàn dé orí baba ńlá rẹ̀! Onígòjé gan-an ni Crowther.

Láyé àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun wọn ní 1066 ni orúkọ ìdílé gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì di orúkọ: Smith, alágbẹ̀dẹ, Taylor, aránṣọ. Apá Yorkshire àti Lancashire ni Crowther ti wọ́pọ̀. Ó jọ Àyàn tiwa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn ṣì ń lu ìlù.

Ní ti Àjàyí, 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825, wọ́n fi orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Àjàyí ló sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wáyé, ọmọ tó dojú bolẹ̀.

Sọ fún olùkọ́ rẹ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti tú. Má dójú tì í.