Ìyẹ̀fun tí ń ṣá aró lábẹ́ gílóòbù: ìdáhùn fún àbúrò mi l'Óṣogbo

Àbúrò mi, o ní titanium dioxide, ìyẹ̀fun tó ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ ba aró inú omi jẹ́, tí o fi nitrogen sí ti kúrò ní funfun, ó ti di pupa rúsúrúsú. Pé tó o bá gbé e sóòrùn, aró inú bíkà á ṣá, ṣùgbọ́n lábẹ́ gílóòbù LED nínú láàbù, ńṣe ló kàn jókòó síbẹ̀. O wá ń bèèrè bóyá nitrogen náà ló kéré. Kò kéré. Má wulẹ̀ fi kún un.

Oòrùn ló ń tàn ọ́ jẹ. Agbára tó ń jí titanium dioxide irú ti anatase jẹ́ 3.2 eV (eV ni wọ́n fi ń wọn agbára elétírọ́ọ̀nù), ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò gùn ju bíi 387 nm lọ (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). UV nìyẹn, ojú èèyàn kì í rí i, kò sì ju bíi 5 nínú 100 agbára oòrùn lọ, àmọ́ oòrùn Òṣogbo mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba yẹn fi tó láti ṣá aró. LED funfun kò ní in. Nitrogen ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lóòótọ́, Asahi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Japan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ jáde láti 2001, ṣùgbọ́n ojú ibi tí nitrogen wà náà ni elétírọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ jí àti àlàfo tó fi sílẹ̀, àwọn tó yẹ kó ba aró jẹ́, máa ń ti padà pàdé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aró. Tó o bá fi kún un jù, ìpàdé yẹn ló ń pọ̀.

Lọ ṣe carbon nitride, ìyẹ̀fun mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Urea, kúrúsíbù onídèérí, ìléru ní 550°C, o mọ ìyẹn. 2.7 eV ni tirẹ̀, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ dé bíi 460 nm, LED funfun sì máa ń tan búlúù gan-an ní sàkáání 450 nm.

Bí o ṣe máa fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ ni wàhálà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ojú mi rí màbo. Àwọn ọ̀gá tó yẹ kó mọ̀ ní kí n fi methylene blue, aró búlúù kan, dán ìyẹ̀fun mi wò, pé òun ni gbogbo ayé ń lò. Ó ṣá dáadáa, gíráàfù rẹ̀ wu ojú. Ọjọ́ tí mo gbé iṣẹ́ síwájú ìgbìmọ̀, ọ̀gá kan tó wá láti ìta bi mí pé: aró yìí fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, báwo lo ṣe mọ̀ pé ìyẹ̀fun rẹ ló ṣiṣẹ́? Gbogbo àwọn tó ní kí n lò ó wo ilẹ̀. Èmi padà sí láàbù, àwọn padà sí ọ́fíìsì.

Òótọ́ ni baba náà sọ. Methylene blue ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì ní bíi 664 nm. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jí i, òun fúnra rẹ̀ lè ju elétírọ́ọ̀nù sínú ìyẹ̀fun kó sì bàjẹ́, ìyẹ̀fun tí kò gba ìmọ́lẹ̀ kankan á wá gba oríyìn. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìyẹ̀fun: àwọ̀ omi á dín, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Nítorí náà, kọ́kọ́ rò ó pọ̀ nínú òkùnkùn, kí o máa wọ̀n ọ́n títí tí kò fi dín mọ́; má gbọ́ tàwọn tó ń pe 30 ìṣẹ́jú bíi pé òfin ìjọba ni. Tan iná sí aró nìkan. Tan án sí titanium dioxide lásán. Lẹ́yìn náà, lo ohun tí kò láwọ̀, bíi phenol, tí o lè wọ̀n ní 270 nm. Tí phenol bá dín lábẹ́ iná tí kò ní UV, ẹ̀rí ọwọ́ rẹ nìyẹn.

Tó o bá máa lo iná xenon, èyí tó ń tan UV mọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, wọ́n á sọ fún ọ pé gíláàsì bíkà ti dí UV. Irọ́ ni o! 365 nm ń gba inú gíláàsì kọjá fàlàlà. Fíltà gidi tó ń dí ohun tó wà lábẹ́ 420 nm wọ́n, àwọn oníyunifọ́ọ̀mù kan sì dá tèmi dúró, wọ́n ní kí n mú ìwé wá pé kì í ṣe ohun ìjà. Omi sodium nitrite 1 M (mólù kan nínú lítà kan) tí o gbé sáàárín iná àti bíkà ń gbé ohun tó wà lábẹ́ 400 nm mì. Ṣùgbọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ìgò. Ó jọ iyọ̀ ọbẹ̀, ó sì ń pa èèyàn, mo sì mọ láàbù tí wọ́n ti ń jẹun lórí tábìlì iṣẹ́.

O tún ní omi táwọn aláàdírẹ ń dà nù lo fẹ́ fọ̀. Òṣogbo ìlú aró, iṣẹ́ wà. Àmọ́ hydros, kẹ́míkà táwọn ìyá aláró fi ń yọ́ aró, ń jẹ ọ́síjìn inú omi tán, ọ́síjìn yẹn ló sì yẹ kó gba elétírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ìyẹ̀fun rẹ. Fi omi là á, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú aró tó ki, kí o sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Amóníà ló máa jáde lára urea, ṣí fèrèsé. Kí o tó gbé e síná, bi alábòójútó láàbù bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé ìléru. Tó bá ní kò sí wàhálà, ní kó tàn án lójú rẹ.