Orúkọ méjì lórí ibojì kan

ÌBÉÈRÈ: Ìdílé ọkọ ọmọ mi obìnrin wá láti Ṣáínà sí San Francisco. Lórí ibojì bàbá àgbà wọn, orúkọ ìdílé tí wọ́n fi lẹ́tà òyìnbó kọ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ti Ṣáínà kọ. Wọ́n ní 1921 ni bàbá náà dé. Èwo ni ká gbà gbọ́, níbo la sì ti lè rí ìwé rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ẹbí, Mà. Èyí tí wọ́n fi ti Ṣáínà kọ ni kí ẹ dì mú. Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ńṣe ni bàbá ra ti òyìnbó yẹn.

Ní 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin pé alágbàṣe láti Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n pè é. 1943 ni wọ́n tó fagi lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni: Wong Kim Ark, tí òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà àmọ́ tí wọ́n bí i sí San Francisco, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì jàre ní 1898. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì tí iná sì jó San Francisco ní 1906, ìwé ìbí jóná. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wá ní ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn. Bí irú wọn bá relé tó sì padà, á ní òun bí ọmọkùnrin ní Ṣáínà. Ọmọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lè wọlé, torí náà àyè ọmọ yẹn ni wọ́n ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn, tí yóò sì máa jẹ́ orúkọ ìdílé ẹni tó tà á.

Ní Angel Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò láti 1910 sí 1940, wọ́n á bi wọ́n léèrè: ilé mélòó ló wà ní ìlà yín? Ibo lẹ ń kó ìrẹsì sí? Bí ìdáhùn "bàbá" àti "ọmọ" kò bá bára mu, wọ́n lè dá ọmọ padà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ka àwọn ìwé náà: ọmọ kékeré á máa ka ìran baba ẹlòmíràn bí ẹni ń ki oríkì, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ baba tó bí i.

National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà ní San Bruno, nítòsí San Francisco, ló ń tọ́jú àwọn ìwé wọ̀nyí. Orúkọ òyìnbó yẹn ni kí ẹ fi béèrè, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ òkun àti ọjọ́ tó gúnlẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ lè rí fọ́tò bàbá àti ìdáhùn tó fún wọn níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó dárúkọ lè jẹ́ ti ẹni tó ta àyè. Láti 1956, ìjọba gba àwọn kan láyè láti jẹ́wọ́ orúkọ tòótọ́. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí bóyá bàbá jẹ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì ya ibojì náà ní fọ́tò tó hàn kedere, torí wọ́n sábà máa ń kọ abúlé ẹni gan-an sára òkúta bẹ́ẹ̀.