Orin ń dún kíkankíkan, ọ̀rọ̀ kò yéni: níbo ni ohùn òṣèré wọlé sí?

Ìbéèrè: Mo so soundbar (sípíkà gbọọrọ tí à ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n) tó ní ọ̀nà ohùn mẹ́ta, òsì, àárín àti ọ̀tún, àti subwoofer (sípíkà báàsì, ìyẹn ohùn tó rinlẹ̀) mọ́ tẹlifíṣọ̀n mi. Ìbọn àti orin inú fíìmù ń mi ilé tìtì, ṣùgbọ́n bí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, àfi kí n tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe ní 5.1 (ọ̀nà ohùn márùn-ún àti ọ̀kan fún báàsì), sípíkà àárín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òṣèré. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ń fi PCM (ohùn tí wọn kò fún pọ̀) ránṣẹ́ gba HDMI ARC (ihò HDMI tó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n lọ sí soundbar), ọ̀nà méjì péré ló ń jáde, òsì àti ọ̀tún; tẹlifíṣọ̀n ti po ọ̀rọ̀ mọ́ orin kó tó dé ọ̀dọ̀ soundbar. Ẹ wọ ibi ètò ohùn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí "Digital Audio Output" sí Dolby Digital (èyí tó lè gbé ọ̀nà 5.1 lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) tàbí Auto. (Ẹni tí soundbar rẹ̀ jẹ́ ọlọ́nà méjì, kó fi í sílẹ̀ ní PCM.) Ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára ni kí wáyà wà. Kí ẹ sì pa sípíkà tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀: bí méjèèjì bá jọ ń dún, ọ̀kan á máa pẹ́ lẹ́yìn èkejì, ọ̀rọ̀ á wá dà bí ohùn inú kànga.

Fíìmù tàbí ìròyìn tó jẹ́ stereo (ọlọ́nà méjì) láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní tìtorí èyí yí padà. Bọ́tìnì "Voice" tàbí "Dialogue" lórí rìmóòtù ló wúlò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, subwoofer. Ibi tí mo rò pé wàhálà yín pọ̀ sí jù nìyí. Kọ́ńsónáǹtì ló ń jẹ́ kí etí mọ "sá" yàtọ̀ sí "fá", ohùn wọn sì tín-ín-rín. Báàsì tó pọ̀ á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Subwoofer tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá á tún máa dún ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ògiri méjì ló ń tì í lẹ́yìn. Ẹ fà á kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mítà. Ẹ wá tan ìròyìn, kí ẹ máa dín báàsì kù díẹ̀díẹ̀ títí ohùn oníròyìn kò fi ní rinlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agbada mọ́.

Ẹ fa soundbar wá sí etí tábìlì gan-an. Bó bá wà sẹ́yìn, ohùn á kọ́kọ́ lu ojú tábìlì kó tó kàn yín. Lóru, "Night Mode" á rẹ ìbọn sílẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè.