Táyà Wo Ló Yẹ Hilux Tó Ń Wọ Oko Kòkó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yìn Ìdànrè ni oko kòkó mi wà. Bí òjò bá ti rọ̀, Hilux mi a rì sínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ṣé kí n ra táyà ẹrẹ̀? (Àgbẹ̀ kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, bàbá. Ẹ wo ojú táyà yín bí ẹ bá jáde níbẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí gbogbo àlàfo rẹ̀, kò lè di ilẹ̀ mú mọ́. Táyà ẹrẹ̀, tí wọ́n ń pè ní M/T, ní eyín ńláńlá tó jìnnà síra. Bó ṣe ń yí ló ń ju ẹrẹ̀ dànù. Àmọ́ lórí ọ̀dà, ó ń pariwo, ó ń jẹ epo, ó sì lè yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ ń lọ oko, A/T, ìyẹn táyà tó wà fún ọ̀dà àti ọ̀nà oko pọ̀, ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ra M/T, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra tòkunbọ̀. Ọ̀kan bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ rí, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2024.