Yàrá àárín ni ó ń darí ìfì omi, kì í ṣe ọ̀nà ìpadàbọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo tú ẹnu kékeré tí ó ń fọ́n omi sí gíláàsì iwájú ọkọ̀, mo sì rí i pé kò sí ohun kan tí ó ń yí tàbí tí ó ń mì nínú rẹ̀, síbẹ̀ omi rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Mo gbẹ́ irú rẹ̀ tí ó tóbi sínú pátákó ike: ẹnu tóóró tí omi ń gbà wọlé, yàrá kan láàárín, ẹnu àbájáde, àti ọ̀nà ìpadàbọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà. Nígbà tí mo fa ọ̀nà ìpadàbọ̀ méjèèjì gùn, mo retí pé ìfì rẹ̀ yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára, èrò tí ẹ gbé e lé ni ó yẹ kí a tún wò, èrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní ni.

Bí omi bá ti gba ẹnu tóóró wọlé bí okùn tí a fà le, kò lè dúró láàárín. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kan, ìṣe tí wọ́n fi orúkọ Henri Coandă, ọmọ ilẹ̀ Romania, pè. Ní òpin yàrá, díẹ̀ nínú omi náà yóò yà sí ọ̀nà ìpadàbọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ yàrá, yóò sì wọ àárín okùn omi àti ògiri tí ó lẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni omi ti ń yí po lójú kan, tí ìyípo náà sì ń wú bí omi ṣe ń kún un, títí tí yóò fi ti okùn omi kúrò lára ògiri lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí ìyípo yìí fi ń kún ni ó ń pinnu ìfì. Ọ̀nà tí ẹ fà gùn ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, omi kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fún pọ̀, nítorí náà bí a bá ti orí rẹ̀ kan, orí kejì yóò gbé e lọ́gán.

Yàrá ni kí ẹ fà gùn bí ẹ bá fẹ́ kí ìfì falẹ̀, nítorí ìyípo inú rẹ̀ yóò ní àyè púpọ̀ láti kún. Bí ẹ bá sì sọ gbogbo ìwọ̀n di ìlọ́po 2 láìyí eré omi padà, iye ìfì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Bí ẹ bá fi ìlọ́po 2 omi ránṣẹ́ sínú èyí tí ẹ gbẹ́ tẹ́lẹ̀, ìfì rẹ̀ náà yóò di nǹkan bí ìlọ́po 2.

Èrò yín kò ṣàìtọ̀nà fún irú mìíràn, èyí tí páìpù kan ṣoṣo so ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ nítòsí ẹnu àbáwọlé. Nínú ìyẹn, pàápàá bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣàn, ìgbì ìfúnpá ni ó ń gba inú páìpù kọjá pẹ̀lú eré ohùn, tí gígùn páìpù sì ń mú ìfì falẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹnu àbájáde pẹ̀lú. Bí ó bá fẹ̀ jù, omi yóò jáde tààrà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì padà. Bí ó bá tóóró jù, agbára púpọ̀ ni ẹ óò ná kí omi tó ráyè kọjá. Ògiri tí ó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu náà ni ó ń pààlà sí bí omi yóò ṣe fì jìnnà tó.

Àìní ohun tí ń mì yìí wà lára ohun tí ó mú kí NASA àti Boeing to 31 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, sí ìrù ọkọ̀ òfurufú 757 kan fún ìdánwò ní 2015. Ìnira ibẹ̀ ni pé ohun tí a ti gbẹ́ kò ṣeé tún ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ yàrá tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn, kí ẹ sì fi fídíò tí a dẹ eré rẹ̀ ka ìfì ọ̀kọ̀ọ̀kan.