Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Mi Ń Yọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yọ jíà kẹ̀kẹ́ mi, mo fi fíríwíìlì (irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn) eléyín 18 kan ṣoṣo sí i. Ṣéènì ń yọ ṣáá. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wo ṣéènì lọ síwájú. Bó bá wọ́, ẹ gbé eyín iwájú (irin eléyín tó wà lẹ́bàá pẹ́dálì) sí apá inú. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ fa táyà náà sẹ́yìn títí ṣéènì á fi máa mì ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 1 láàárín. Ẹ yí pẹ́dálì po. Ibi tó le jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí eyín iwájú kì í sábà rí roboto tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣéènì gbígbó sórí eyín tuntun, fífò ni yóò máa fò.